Ó Gbóná, Kò Hó

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń tẹnu mọ́ ọn pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó. Omi lásán tó láti já wọn nírọ́.

Létí òkun, ìgbóná 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi ti ń hó. Bí ìtẹ̀ orí rẹ̀ bá ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò gbóná sí i kí ó tó hó. Ṣùgbọ́n bí ìtẹ̀ náà bá kọjá ìlọ́po 218 ti afẹ́fẹ́ etí òkun, kò ní hó mọ́ rárá. Yóò gbóná kọjá 374, yóò sì di ohun tí kì í ṣe omi, tí kì í sì í ṣe ooru omi. Ó gbóná, kò hó: ọmọ tí ó bá ti dáná rí mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ní 1822, Charles Cagniard de la Tour, ará Faransé, di ọtí mọ́ inú ọ̀pá ìbọn pẹ̀lú ọta òkúta, ó sì dáná sí i. Ìró ọta náà bí ó ti ń yí ni ó fi mọ̀ pé ipò ọtí ti yí padà. Ọdún 1869 ni Thomas Andrews ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibẹ̀ lórúkọ.

Ìmọ̀ ni ó ṣáájú, orúkọ ni ó tẹ̀lé e. Olùkọ́ tí ó ní kí Yorùbá kọ́kọ́ wá orúkọ kí ó tó fi í kọ́ ọmọ ń béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.