Bí Ẹ̀rọ Ṣe Tẹrí Ba fún Ìwé Àwọn Ará Ṣáínà

Ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ kí ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olùfẹ́ orílẹ̀-èdè wá lónìí, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wa ni yóò gúnlẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà ni bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń wá ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé àti nínú kọ̀ǹpútà.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní a, b, d. Àmì ni wọ́n fi ń kọ̀wé, hànzì ni wọ́n sì ń pè é. Ní ọdún 2013 ìjọba wọn to 8,105 nínú àwọn àmì náà jọ fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ọba Kangxi pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe, èyí tí ó jáde ní ọdún 1716, ní èyí tí ó lé ní 47,000 nínú. Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe rí ẹyọ kan ṣoṣo láàárín irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí álífábẹ́ẹ̀tì tí yóò tò wọ́n tẹ̀ léra?

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti wá ìbátan rẹ̀ rí ní ìlú ńlá bí Ìbàdàn. A kì í dárúkọ ẹni náà lásán. Agbo-ilé rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Xu Shen, ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù, pín hànzì sí agbo-ilé 540. Mei Yingzuo dín wọn kù sí 214 ní ọdún 1615, ìwé Kangxi sì tẹ̀ lé e. Agbo-ilé kọ̀ọ̀kan ní baálé, èyíinì ni apá kan nínú àmì náà, bí èyí tí ó dúró fún omi, tàbí igi, tàbí obìnrin. Ẹni tí ó bá ń wá 好, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘dára’, yóò gba agbo-ilé obìnrin, 女, lọ. Yóò ka iye ìgbà tí kálàmù fa ìlà nínú apá tí ó kù. Yóò rí i pé mẹ́ta ni, yóò sì yẹ àwọn tí ó ní ìlà mẹ́ta wò títí yóò fi bá a. Iṣẹ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá a yóò rí i.

Ìgbà tí ẹ̀rọ òyìnbó dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fún wáyà, wọ́n rí ọ̀nà gbé e gbà: láti àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti fún hànzì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ní bọ́tìnnì bí ogójì, báwo ni yóò ṣe gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì? Láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé wọn gan-an ni a ti rí àwọn tí ó ní kí a kó hànzì dànù. Qian Xuantong kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1918 pé kí wọ́n pa á rẹ́.

Wọn kò pa á rẹ́. Òǹkọ̀wé kan, Lin Yutang, ṣe ẹ̀rọ kan jáde ní New York ní ọdún 1947. Bọ́tìnnì 72 ni ó ní. Bí o bá tẹ ọ̀kan fún òkè àmì náà, tí o sì tẹ òmíràn fún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò gbé hànzì tí kò ju mẹ́jọ lọ sí ojú fèrèsé kékeré kan, ìwọ yóò sì mú èyí tí o fẹ́. Ẹ kíyè sí i: kí ọkùnrin yìí tó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó ní láti kọ́kọ́ wá a. Gbèsè ńlá ni ó jẹ lórí ẹ̀rọ náà, kò sì di ohun títà lọ́jà. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ṣe, tí gbogbo ayé rò pé ó ti sọnù, ni wọ́n tún rí ní ọdún 2025, ó sì wà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà báyìí. Síbẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ kò kú. Ọmọ Ṣáínà tí ó bá mú fóònù lọ́wọ́ lónìí, ohùn ọ̀rọ̀ ni yóò fi lẹ́tà pinyin tẹ̀, èyí tí ìjọba wọn gbà wọlé ní ọdún 1958. Àwọn hànzì tí ó bá ohùn náà mu yóò tò síwájú rẹ̀, yóò sì yan tirẹ̀. Àwọn kan á ní, ‘Ṣé ẹ rí i, lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n ń tẹ̀ náà!’ Ìránṣẹ́ lásán ni lẹ́tà náà. Hànzì ni ó ń dé ojú ìwé.

Ó tún ku wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí ẹlòmíràn ti kọ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò tí ń bá ni wá ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Àlàfo ni ó ń sọ fún ètò náà pé ọ̀rọ̀ kan ti parí. Hànzì kì í sì í ní àlàfo láàárín. Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ètò náà kà á sí ìyàngbò, a sì gbọ̀n ọ́n nù. Hànzì kan tàbí méjì péré sì ti tó odidi ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fi hànzì wá nǹkan a máa padà lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń wá wà níbẹ̀ gbọnyin. Ètò MySQL, tí ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń tọ́jú ìwé wọn, jẹ̀bi ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2015 ni wọ́n fi ọ̀nà mìíràn kún un nítorí èdè Ṣáínà, Japan àti Korea: ó ń mú àmì ní méjì-méjì, èkíní pẹ̀lú èkejì, èkejì pẹ̀lú ẹ̀kẹta, títí dé òpin.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. ‘Lọ’, ‘wá’, ‘jẹ’, ‘mu’, ‘kú’, ‘bí’: lẹ́tà méjì-méjì ni gbogbo wọn. Ìyàngbò kan náà ni ètò yẹn kà wọ́n sí, èyí tí ó jẹ́ egungun èdè wa! A kò sì gbọ́ pé ẹnì kan pariwo nítorí tiwa.

Èyí tí ó dùn mí jù ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Bí a bá kọ ‘igba’ láìfi àmì ohùn sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba owó ni, tàbí igbá omi, tàbí ìgbà òjò, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹ̀rọ yóò kó gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn ará Ṣáínà mọ irú ìyà yìí: nígbà tí ìjọba wọn sọ hànzì di fífúyẹ́ láti ọdún 1956, 發 (tú jáde) àti 髮 (irun) di 发 kan náà, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ sì ní láti kọ́ ọ bí yóò ṣe tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n kọ́ ọ. Àwa ń pa tiwa pọ̀ lójoojúmọ́ nínú ìwé ìròyìn, nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àní lórí pátákó olùkọ́, a sì ń pè é ní ìrọ̀rùn.

Àwọn tí ó fi àmì sí i pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ń fi ẹ̀kán sábẹ́ ọ; àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré sí i, báyìí: o̩. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wá ìwé lè má rí èyí tí a fi èkejì kọ láéláé. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá wá ìtàn ìlú rẹ̀ báyìí tí kò rí i, kí ni a fẹ́ kí ó gbà gbọ́, bí kò ṣe pé a kò kọ ọ́?

Ẹnìkan lè wí pé àwọn ará Ṣáínà lé ní bílíọ̀nù kan, pé owó ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lin Yutang, òǹkọ̀wé kan tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tiwa kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo. Kí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá mú ẹ̀kán, kí wọ́n sì fi ìlà sílẹ̀. Kí wọ́n kọ̀wé sí gbogbo ojúlé tí ó ní ìwé Yorùbá lọ́wọ́ nípa ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó ń lé wọn síta. Ẹni tí ó ni ojúlé lè yí i sí méjì ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì tún àtòjọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò.