Ó yẹ kí NCC jẹ́ kí àwọn mìíràn lo ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ tó ṣófo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìgbì rédíò mu gan-an, ìyẹn ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ tí ìpè fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n ń gbà kọjá.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2021, NCC, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ṣe gbàǹjo ọ̀nà fún 5G. Mílíọ̀nù lọ́nà 273.6 dọ́là ni MTN àti Mafab fi gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá ti ra ọ̀nà kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tirẹ̀ ni, títí kan abúlé tí kò tíì ri òpó kankan mọ́. Ọ̀nà ṣófo níbẹ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Amẹ́ríkà ti rí ọgbọ́n dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin 3550 sí 3700 megahertz ni rédà àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi wọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun kì í sí níbi gbogbo nígbà gbogbo. Lọ́dún 2015, àjọ FCC ṣòfin pé kí àwọn mìíràn máa bá wọn lò ó. Ológun ló ṣáájú, ẹni tó ra ìwé àṣẹ ló tẹ̀ lé e, ẹni tí kò ra nǹkan kan ló kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ló ń pín in. Bí ẹ̀rọ tó wà létí òkun bá ti gbúròó rédà, kíá ni kọ̀ǹpútà yóò ní kí àwọn yòókù yẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù Kínní ọdún 2020 ni wọ́n ti ń fi ṣòwò ní pẹrẹu.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tó sanwó ló ni ọjà. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbé òpó tirẹ̀ dé, kí ẹni tó yá a lò kó kúrò. Ìlànà tí NCC gbé jáde lọ́dún 2018 ti fàyè gba kí iléeṣẹ́ ta ọ̀nà tàbí kó fi yáni, àmọ́ tí olóhun kò bá fẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí NCC ti tún un ṣe. Kí wọ́n dá gbèdéke fún ẹni tó ra ọ̀nà. Bí ó bá kọjá tí kò lò ó ní àgbègbè kan, kí wọ́n jẹ́ kí iléeṣẹ́ kékeré tó ṣetán máa lò ó níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní láti gun òkè kó tó lè pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó kò bèèrè ẹni tó ni ọ̀nà. Kí ìpè ṣáà wọlé ni tirẹ̀.