Iye Owó Aṣọ Kọ́ Ni Iyì Rẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi owó rà, díẹ̀ ni ó súnmọ́ ara rẹ̀ tó aṣọ. Síbẹ̀, díẹ̀ ni ó ń rà láìbìkítà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò ra iṣu ní ọjà yóò gbé e sókè, yóò fi ọwọ́ tẹ orí àti ìdí rẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ó ti ń jẹrà. Ẹni kan náà yóò wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, yóò ka iye owó tí wọ́n kọ mọ́ aṣọ, yóò wo orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó wà lára rẹ̀, yóò sì sanwó. Ó yẹ iṣu wò, kò yẹ aṣọ wò. Àṣà yìí hàn gbangba ní àwọn òpópónà ìtajà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú Oxford Street ní London, níbi tí Primark, H&M, Zara àti Marks & Spencer ti ń bá ara wọn díje. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìlú náà ni ó ń ra aṣọ ní irú ibẹ̀, fún ara wọn àti fún àwọn ará ilé tí ń retí ẹrù wọn ní Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilé, ó kan ará òkè òkun.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn òǹrajà. Àkọ́kọ́ ni èrò pé aṣọ olówó pọ́ọ́kú ni èrè. Kí òǹrajà ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹnìkan bá ra ṣòkòtò ní pọ́n-ùn 10, tí ó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré kí ó tó ya ní ìdí, pọ́n-ùn 2 ni ó san ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá ra tirẹ̀ ní pọ́n-ùn 60, tí ó sì wọ̀ ọ́ ní ìgbà 120, ààbọ̀ pọ́n-ùn ni ó san ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ra ọ̀wọ́n? Kì í ṣe ìdí tábìlì ìsanwó ni ènìyàn ti ń mọ iye tí aṣọ ná òun. Ọjọ́ tí aṣọ náà bá gbó ni ó tó mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe kejì ni èrò pé aṣọ tí ó wọ́n, tàbí tí ó ní orúkọ, kò lè ṣàìdára. Orúkọ kọ́ ni ó ń rán aṣọ. Orí tábìlì kan ní ọjà ìlú Leeds ni Marks & Spencer ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1884. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń yangàn pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń rán èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ òun. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó kó ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Èyí nìkan kò sọ aṣọ di búburú, nítorí aránṣọ tí ó mọṣẹ́ wà ní ilẹ̀ gbogbo. Ohun tí ó fi hàn ni pé orúkọ lè wà ní ojú kan, kí ọwọ́ tí ń rán aṣọ sì ti yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n aṣọ kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ṣe dáadáa sí ẹni tí ó rán an. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí à ń pè ní Rana Plaza wó ní Savar, nítòsí Dhaka, olú-ìlú Bangladesh. Ènìyàn 1,134 ni ó kú. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n ti rí i pé ara ilé náà ń sán; ilé ìfowópamọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Primark, tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ aṣọ olówó pọ́ọ́kú, gbà pé wọ́n rán aṣọ fún òun níbẹ̀. Benetton, tí aṣọ tirẹ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn tí ń rán ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù kú sí.

Bí iye owó kò bá lè jẹ́rìí, tí orúkọ kò sì lè jẹ́rìí, kí ni yóò jẹ́rìí? Àwọn àgbà ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹtù tàbí sányán yóò fi ọwọ́ pa á, yóò wo bí ahunṣọ ti fún òwú rẹ̀ pọ̀ tó, yóò sì wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba láti etí kan dé èkejì. Ojú àti ọwọ́ ni òṣùwọ̀n wọn. Òṣùwọ̀n náà kò tíì bàjẹ́, ó sì wúlò ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò ní ọjà ọba.

Èkínní, kí òǹrajà ka àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ àti ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Òwú máa ń fa òógùn mu. Pọ́lísítà, tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe, kì í fa omi mu bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lágbára, tí kì í sì í tètè rún. Ẹ̀wù pọ́lísítà tí ó tu ni lára ní London lè di ìyà lára ìyá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nínú oòrùn Ìlọrin. Bí wọ́n bá sì ń fi irun àgùntàn polówó kóòtù, kí òǹrajà wò ó bóyá irun àgùntàn inú rẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Èkejì, kí ó gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó bá hàn gooro kò ní bo àṣírí ara, ó sì ṣeé ṣe kí ó má pẹ́. Kí ó fi ọwọ́ rún un, kí ó sì tú u sílẹ̀, kí ó lè mọ bí yóò ti rí lára ẹni tí ó bá jókòó fún wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta, kí ó yí inú aṣọ síta. Inú ni àléébù ń sá sí. Ó yẹ kí ojú rírán rẹ̀ wẹ́, kí ó súnmọ́ra, kí ó má sì lanu bí wọ́n bá rọra fà á. Aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ́ ìwọ̀nba kù sí inú rẹ̀ ni télọ̀ lè tú fẹ̀ bí ẹni tí ó ni ín bá sanra. Èyí tí wọ́n ti gé mọ́ ojú rírán kò ní àtúnṣe. Bí aṣọ bá ní ilà, kí ilà apá kan bá ti èkejì pàdé.

Ẹ̀kẹrin, kí ó wo bọ́tìnnì, ihò bọ́tìnnì, síìpù àti ìṣẹ́tí. Ẹ̀karùn-ún, kí ó ka bí wọ́n ti ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́. Aṣọ tí ó jẹ́ pé alágbàfọ̀ nìkan ni ó lè fọ̀ ọ́ kò tíì parí owó gbígbà ní ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Ẹlẹ́rìí tí ó dára jùlọ nípa ṣọ́ọ̀bù kan ni aṣọ ibẹ̀ tí ó ti wà nílé, tí wọ́n ti fọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ó bá ti súnkì, tí ó ti ṣá, tàbí tí kókó wẹ́wẹ́ ti yọ lójú rẹ̀, kí ni òǹrajà tún ń wá lọ síbẹ̀?

Ó tún yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún ẹ̀dínwó. Iye tí wọ́n kọ tí wọ́n sì fa ilà sí nínú kò sọ ohunkóhun nípa aṣọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: bí kò bá sí iye àkọ́kọ́ yẹn, ǹjẹ́ òǹrajà yóò ra aṣọ náà ní iye kejì? Kí ó sì tọ́jú rìsíìtì. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2015 lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹrajà, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ní àbùkù lè dá a padà láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ó ti rà á nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní ẹ̀tọ́ yìí lábẹ́ òfin, àfi bí ṣọ́ọ̀bù náà bá fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni èyí, pé ẹni tí kò ní ju pọ́n-ùn 10 lọ kò lè ra ṣòkòtò pọ́n-ùn 60. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni àyẹ̀wò yìí wúlò fún jùlọ, nítorí òun ni kò ní owó tí yóò fi ra ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó jẹ́ kìkì òwú tí ojú rírán rẹ̀ sì dára wà ní ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú. Ọmọ tí ń dàgbà kò nílò aṣọ tí yóò lo ọdún mẹ́wàá. Aṣọ gidi tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí sì wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti láàrin òkìrìkà, ní iye tí kò ga ju ti aṣọ tuntun tí kò ní pẹ́ ya.

Ìnàkúnà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kọ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ń ra aṣọ olówó ńlá nìkan. Ẹni tí ó ra ẹ̀wù mẹ́wàá tí kò níláárí ní ìdí pé wọ́n pọ̀ ní ọjà, tí mẹ́sàn-án nínú wọn sì di àkísà kí ọdún tó yípo, ti náwó nínàkúnà pẹ̀lú, ó sì ti fi òógùn àwọn aránṣọ ṣòfò. Ẹ̀wù mẹ́ta tí ènìyàn yẹ̀ wò nínú-lóde kí ó tó rà á sàn ju ogún tí ó kàn kó sínú àpò lọ.