Ẹ Dán Gìtá Wò Kí Ẹ Tó Sanwó, Kódà Bó Jẹ́ Ọmọ Ìlú Yín Ló Ń Tà Á

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti káàkiri Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè dun àwọn kan tí a jọ wà nídìí òwò kan náà, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Ohun èlò orin àlòkù ni àwa ń tà ní Sabon Gari níbí: gìtá béèsì, áńpù, sípíkà, kíbọ́ọ̀dù, míńsà. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ohun tí a sì ń rí láàárín àwa ọmọ Yorùbá ni pé a kì í fẹ́ dán ọjà wò lọ́wọ́ ara wa. Tí oníbàárà bá ní kí wọ́n ki wáyà bọ béèsì kóun gbọ́ bó ṣe ń dún, ẹni tó ń tà á á ti fajú ro. Á ní, "Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni? Ṣebí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni wá." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ojú á ti ẹni tó fẹ́ rà á, á ka owó sílẹ̀, á gbé ẹrù ẹ̀ lọ.

Ẹni kan náà yìí, tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe èèyàn wa, á tú gbogbo ọjà onítọ̀hún yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, á ná an títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú ẹ̀ nìkan ló ti máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n di lẹ́nu. Àwa ò gbà pé ìfẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé owó tó ń bọ́ sídìí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́wọ́ dọ́là, béèsì tuntun ti kúrò ní ohun tí ọwọ́ ìjọ kékeré lè tó. Àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ àlòkù tẹ́lẹ̀ ti ń bọ̀ wá bá wa. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Gìtá kì í ṣe bàtà tó máa jẹ nísàlẹ̀ tí a bá wọ̀ ọ́ pẹ́. Leo Fender gbé béèsì Precision jáde lọ́dún 1951, Jazz Bass tẹ̀ lé e lọ́dún 1960, àwọn tí wọ́n ṣe láyé ìgbà náà ṣì ń dún lọ́wọ́ olórin lókè òkun dòní. Béèsì ló sì wà nísàlẹ̀ orin jùjú Olóyè Ebenezer Obey àti King Sunny Ade. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, gángan á kàn máa sọ̀rọ̀ láìrí ilẹ̀ tẹ̀ ni. Nítorí náà, àlòkù tó dáa sàn ju tuntun tí wọ́n fi pákó játijàti kàn lọ, a ò sì ní yẹ̀ lórí ìyẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àbùkù gìtá kì í hàn sójú. Àwọn èèyàn á máa wo ọ̀dà ara ẹ̀. Wọ́n á rí ibi tó họ díẹ̀, wọ́n á ní ó ti gbó, wọ́n á já owó kúrò lórí ẹ̀. Èyí tó ń dán gbinrin, tí ọrùn ẹ̀ ti lọ́, ni wọ́n á sanwó ńlá lé lórí.

Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé e sójú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ẹ wò ó láti ìdí lọ sí orí. Tó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi ẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má ná an mọ́. Tó bá kàn tẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ìyẹn ní àtúnṣe. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn yẹn, truss rod ni wọ́n ń pè é. Tí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n bá rọra yí i, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ọrùn á padà sípò. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé irin náà ṣì ń yí, torí àwọn kan ti fi agbára yí i títí ó fi já nínú igi, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fojú rí ìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan lórí gbogbo fret, ìyẹn àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn, ẹ má fo ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ibi tí okùn bá ti ń gbọ̀n mọ́ irin dípò kó dún ketekete, ẹ fi ìka sí i, ẹ bèèrè.

Àwa ará Òkè Ọya tún ní tiwa lọ́tọ̀. Ọyẹ́ Kánò kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, bó ṣe ń gbẹ wá létè náà ló ń gbẹ igi. Pákó ọrùn gìtá á sún kì, ṣùgbọ́n irin fret ò lè sún kì, ni ẹnu irin bá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ya ọmọ tó ń lù ú lọ́wọ́. Ọrùn náà lè yí padà, kí okùn máa gbọ̀n níbi tó ti ń dún dáadáa nígbà òjò. Béèsì tó bá ti Èkó dé lóṣù kẹjọ láìní àbùkù kan lè máa ṣe bí aláìsàn lóṣù kìíní. Oníbàárà á gbé e padà wá, á ní wọ́n ta igi jíjẹrà fún òun. Ẹni tó tà á fún un ò jalè, ṣùgbọ́n ṣé kò yẹ kó ti sọ ọ́ fún un? Kó ní, "Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ gbé e wá ká bá yín tún un ṣe, ká fi fáìlì rọra họ ẹnu irin ẹ̀." Kó kọ́ ọ pé kí wọ́n fi kànrìnkàn tútù tí wọ́n ti fún omi ẹ̀ dáadáa sínú ike ọṣẹ tí wọ́n lu níhò, kí wọ́n gbé e sínú àpótí gìtá, kí wọ́n má sì fi gìtá sí yàrá abẹ́ páànù tó ń gbóná bí ààrò. Èyí ò ná an ní kọ́bọ̀.

Ti áńpù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, ti Jàpáánì 100, tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì 230. Ẹ wo ẹ̀yìn áńpù kí ẹ tó ki í bọ iná, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ibi tí a lè yí láti 120 sí 230, ọ̀pọ̀ ò ní. Èyí tí kò ní, tiransifọ́mà tó ń mú iná wálẹ̀ ló máa lò, wọ́ọ̀tì tiransifọ́mà náà sì gbọ́dọ̀ ju èyí tí áńpù ń jẹ lọ. Láìsí ìyẹn, èéfín lẹ máa rí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á gé plug Amẹ́ríkà kúrò, wọ́n á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ibí sí i, wọn ò sì ní sọ nǹkan kan. Irú wọn ò tíì lanu, wọ́n ti purọ́.

Tí ẹ bá tún rí sípíkà pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n kọ 5000 watts PMPO sí lára, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ máa lọ. RMS ni kí ẹ bèèrè. Okùn E ti béèsì ń gbọ̀n ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B ti olókùn márùn-ún tí àwọn ọmọ gospel fẹ́ràn ń gbọ̀n bí ìgbà 31. Sípíkà rédíò ilé ò lè gbé irú ẹ̀, yóò ya ni.

Ó tún ku ti orúkọ. Squier, ilé iṣẹ́ Fender náà ló ni ín, gìtá tó dáa sì ni fún iye owó ẹ̀. Àwọn kan ló máa ń ha orúkọ Squier kúrò lórí ẹ̀, tí wọ́n á lẹ Fender síbẹ̀, tí owó á sì fò sókè. Ṣé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tún lẹ́nu láti bínú pé wọ́n fẹ́ wò ó dáadáa?

Ìjọ kan wà níbí, a ò ní dárúkọ wọn. Àwọn àgbà ìjọ dá owó fún béèsì olókùn márùn-ún, wọ́n rí àwòrán ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ ìlú wọn kan ní Èkó. Gìtá dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó dán, orúkọ ńlá wà lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ọmọ tó ń lu béèsì wọn kó wá wò ó. Nígbà tó máa lù ú ní ọjọ́ Ìsinmi, bó ṣe ń lọ sókè lọ́rùn gìtá bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń yẹ̀. Gbogbo ìjọ ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Wọ́n ní ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n lù mọ́, àwọn kan ní ọkàn ẹ̀ ti wà nínú ayé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń lu béèsì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré! Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnì kan tó gbé gìtá náà wá sọ́dọ̀ wa. Ọrùn ẹ̀ ti lọ́. Ohùn ẹ̀ ò lè jóòótọ́ láé, kódà kí ẹni tó mọ béèsì jù láyé dì í mú. A sọ fún wọn. Wọ́n pe ẹni tó tà á ní Èkó, ó ní àwòrán tí òun fi ránṣẹ́ náà ni gìtá tí òun fi ránṣẹ́, àti pé ṣé àwọn ìyá àti bàbá òun máa bá òun ṣẹjọ́ ni. Wọn ò ṣẹjọ́. Nítorí "ọmọ wa ni". Ọmọ tó ń lu béèsì ti lọ sí ìjọ mìíràn, owó ìjọ ti lọ, ẹni tó kówó jẹ ló kù tí wọ́n ń dá ààbò bò.

Ohun tó ń bí wa nínú nìyẹn. Àjùmọ̀jẹ́ ọmọ ìlú tó yẹ kó jẹ́ ìdí tí èèyàn á fi sọ òótọ́ fún wa ti di ohun tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. A jìnnà sílé, a nílò ara wa, òótọ́ ni. Nígbà tí nǹkan bá gbóná ní ìlú tí a ń gbé, ilé ara wa la máa sá sí. Ìdí nìyẹn tí irú ìrẹ́jẹ yìí fi máa ń dunni ju ti àjèjì lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú ọjà á ní, "Tí a bá ka gbogbo àbùkù ẹ̀, ta ni yóò rà á?" Ẹ gbọ́ o, èèyàn máa rà á. Bọ́tìnnì fólúùmù tó ń ha, oògùn tí a ń fín sí i ló máa wò ó. Okùn tó ti dógùn-ún, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. A ti rí béèsì active tí wọ́n tà ní owó ẹ̀dínwó pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ bátìrì 9 volt inú ẹ̀ ló tán, torí wọ́n fi wáyà sílẹ̀ lára ẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó mọ̀ rà á, ó ra bátìrì sí i, ó ń dún. Àbùkù tó ní orúkọ ní iye owó tí a lè yọ fún un. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ̀bẹ̀ kan la bẹ̀ yín: ẹ má fi àwọn àgbà ìgbìmọ̀ nìkan ra ohun èlò orin. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ tó máa lù ú ló mọ̀ bó bá dáa. Ẹ má sì gba gìtá tí kò ní rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ń kánjú. Olè ń jí ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì, òfin sì ń mú ẹni tó ra ẹrù olè. Ọ̀pọ̀ gìtá ló ní nọ́ńbà lórí tàbí lẹ́yìn ọrùn, ẹ ya àwòrán ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ fi pamọ́.

Ní ti àwa, orí rìsíìtì la máa ń kọ ọ́ sí: nọ́ńbà gìtá, àbùkù tó ní, àtúnṣe tí a ti ṣe, àti ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi lè dá a padà, kó lè la ọjọ́ Ìsinmi kan já ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìnáwó ìparí ọdún ń bọ̀, ìgbìmọ̀ púpọ̀ ti ń kówó jọ. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ọmọ náà dání. Áńpù wà nílẹ̀, àga wà, epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kó jókòó kó lù ú títí ọkàn ẹ̀ á fi balẹ̀.