Ẹ Bó Ọ̀rá Yẹn Kúrò Lára Mọ́tò

Ẹni tó bá rìn láti Ìdúmàgbò dé Ẹnu Ọ̀wá ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní ṣàì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: mọ́tò tuntun tí ọ̀rá funfun ṣì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti orí rẹ̀. Nọ́ńbà ti wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti dá ohùn fèrè rẹ̀ mọ̀. Ó ti gbé ìyàwó lọ sóde, ó ti tẹ̀ lé òkú àgbà lọ sí itẹ́, síbẹ̀ ọ̀rá kò kúrò. Ẹ bi ẹni tó ni ín, ẹ ó gbọ́ èsì: “Ẹ̀gbọ́n, tíà rọ́bà ni o. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà ńbẹ̀ ná.”

Kò yẹ kó wà ńbẹ̀. Ọ̀rá yẹn ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán kí mọ́tò tó gun afárá wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo ọjọ́ tó bá tún lò lábẹ́ oòrùn wa, ọ̀dà tí wọ́n ní kó dáàbò bò gan-an ló ń bà jẹ́.

Ọ̀rá ìrìnàjò ni. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n kàn po àwọ̀ funfun mọ́ ọn kí oòrùn má baà tètè jẹ ẹ́, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó kọjú sókè: bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí mọ́tò, búùtù, nígbà mìíràn ara ilẹ̀kùn. Ìgbẹ́ ẹyẹ, iyọ̀ òkun, eruku irin tó ń ta sílẹ̀ lára rélùwéè, àti ọwọ́ àwọn tó ń wa mọ́tò wọnú ọkọ̀ òkun, àwọn nìyẹn ni wọ́n tìtorí wọn ṣe é.

Kí ọ̀rá tó dé, ìda ni. Láyé ìgbà tí àwọn bàbá wa ń ra Volkswagen ìjàpá lọ́wọ́ Mandilas, tí ilé wọn ní Broad Street ti di ojúkò aláṣọ àti oníbàtà lónìí, ìda ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Yúróòpù fi ń ra mọ́tò lára kó tó sọdá òkun. Karosíìnì àti omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ ìda náà kúrò kí oníbàárà tó fojú kan mọ́tò rẹ̀. Kò sí bàbá tó jẹ́ fi ìda gun Carter Bridge, kó ní òun ń fi mọ́tò tuntun hàn.

Lónìí, èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, wà lára ibi tí mọ́tò ti máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ òkun. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín nígbà yẹn. Yóò dúró de ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù nínú oòrùn, yóò tún dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Àwọn tó ṣe ọ̀rá náà dá àkókò fún un: oṣù díẹ̀ ni, èyí tó sì pẹ́ jù kì í sábà ju ọdún kan lọ. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti ń ka àkókò yẹn. Nígbà tí ẹ bá fi sanwó, ó lè jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ.

Mi ò pe àwọn tó ń fi í sílẹ̀ ní òmùgọ̀. Títì wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti wà kí mọ́tò tó dáyé, ó sì há. Ọmọlanke tó ru ẹrù láti Ìdúmọ̀tà, alábàárù, kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, gbogbo wọn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá. Ẹni tó fi owó ńlá ra nǹkan, ó tọ́ kó bẹ̀rù kí wọ́n má fi irin fà á lára. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rá ìrìnàjò kò lágbára tó irin ọmọlanke, òkè ni wọ́n sì sábà ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ọmọlanke ń fara kàn. Ọ̀rá mìíràn wà tó mọ́ gaara, tí wọ́n ṣe nítorí kó lè pẹ́ lára mọ́tò. Ẹni tí ẹ̀rù fífà bá ń bà, ìyẹn ni kó lọ lẹ̀.

Ohun tí oòrùn ń ṣe kò fara sin. Ooru ń mú kí gọ́ọ̀mù gan mọ́ ọ̀dà. Ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń gbẹ, ó ń pàdánù fífà rẹ̀. Ẹ sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rá ti pẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀. Ó ti ká sókè, ìlà ìdọ̀tí tín-ín-rín bí òwú ti sá sábẹ́ rẹ̀, ó sì pọ́n bíi tábà. Níbi tí omi òjò ti wọlé, ọ̀rá wú díẹ̀díẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti iyọ̀ tí atẹ́gùn gbé wá láti òkun ti bá omi náà wọlé. Ẹ fi èékánná gbá a mú kí ẹ fà á: èyí tó tó èékánná náà ló máa já sí yín lọ́wọ́, ìyókù á dúró síbi tó wà. Ẹ sì rántí pé ọ̀dà dídán tó wà lókè pátápátá lára mọ́tò kò nípọn tó irun orí kan ṣoṣo. Kò sí púpọ̀ níbẹ̀ tí a lè máa fi ṣeré.

Bí ọ̀rá bá ṣì rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kan ni. Ẹ kọ́kọ́ fọ mọ́tò, kí iyanrìn má baà ha á. Ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ yá ara rẹ̀ díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára. Ẹ gbé igun kan sókè, ẹ ká a padà sórí ara rẹ̀, kí ẹ wá máa fà á jẹ́jẹ́. Ó sàn kí ó jẹ́ èèyàn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá ti gan, ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bò ó, tàbí kí ẹ yá dráyà lọ́wọ́ onídìrí. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn ni kí ẹ fi nu gọ́ọ̀mù tó bá kù, kí ẹ sì tètè fi omi ọṣẹ ṣàn án. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tó ń fọ mọ́tò gbé rézọ̀, tíńnà tàbí pẹtiróòlù sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ mọ́tò tuntun di iṣẹ́ peńtà.

Ó kan àwọn tó ń ta mọ́tò náà. Bíbó ọ̀rá wà lára iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ retí pé kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́. Ọ̀rá tó wà lára rímù ńkọ́? Tí wọn ò bá bó o kí mọ́tò tó rìn, kò ní jẹ́ kí ooru bíréèkì jáde dáadáa. Wọn kò gbọdọ̀ fojú fo ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ wá: a fẹ́ràn ọ̀rá, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún wa. A gbàgbé pé ọ̀rá lè bo ojú àléébù. Ẹni tó sanwó mọ́tò tí ọ̀rá bo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò tíì rí ohun tó rà. Ọ̀rá kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé mọ́tò tuntun ni, nítorí rólù rólù ni wọ́n ń tà á. Ìwé mọ́tò, nọ́ńbà ẹńjìnnì àti ti ṣáàsì, pẹ̀lú iye kìlómítà tó ti rìn, ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Bí mọ́tò bá dé ilé wa, a máa ń wẹ̀ ẹ́: ọtí á ṣí, àlùfáà tàbí pásítọ̀ á gbàdúrà. Àbá mi ni pé kí bíbó ọ̀rá wọnú ayẹyẹ náà. Ẹ bó o níwájú ẹni tó tà á, kí ẹ tó san owó tó kù, bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí àgbà ilé gbé igun kan sókè lọ́jọ́ àdúrà, kí àwọn ọmọ fa ìyókù. Kí gbogbo èèyàn rí àwọ̀ tí ẹ tìtorí rẹ̀ sanwó. Ẹ kú oríire mọ́tò tuntun. Ẹ̀mí á lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bó ọ̀rá ara rẹ̀.