Ìwé Tí Bàbá Kan Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Rẹ̀

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tí í máa ka ìwé ìròyìn yìí, ó sì fi ìwé kékeré kan pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé náà ni eré Romeo àti Juliet tí William Shakespeare, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1597. Bàbá náà wí pé ní ilé-ìwé ni a ti fi ìwé náà lé ọmọbìnrin òun lọ́wọ́. Òun bá a ní òru tí ó ń sọkún lórí rẹ̀. Òun gbà á, òun ka ojú-ìwé díẹ̀, òun sì rí i pé ọmọ tí ó ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀ ni a ń yìn níbẹ̀. Ó ń bi wá léèrè bí kò bá tọ́ kí òun sọ ọ́ sínú iná.

A ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà méjì. Kí a tó dá bàbá wa yìí lóhùn, ẹ jẹ́ kí a ro ìtàn náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìlú Verona, ní ilẹ̀ Ítálì, ilé ńlá méjì wà tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, ilé Montague àti ilé Capulet. Ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ nínú gbogbo ìwé náà. Romeo, ọmọ Montague, fi ìbòjú wọ ibi àsè ilé Capulet ní alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì rí Juliet. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, Friar Laurence, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, so wọ́n pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ kan náà Tybalt, ọmọ arákùnrin ìyá Juliet, pa ọ̀rẹ́ Romeo, Romeo pa Tybalt, a sì lé e kúrò ní ìlú. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ tán, ọkọ àti ìyàwó ti kú sínú ibojì kan náà. Juliet kò tí ì pé ọmọ ọdún 14. Nínú ewì Arthur Brooke ti ọdún 1562, níbi tí Shakespeare ti mú ìtàn náà, ọmọbìnrin náà súnmọ́ ọdún 16, ọ̀ràn náà sì gba oṣù púpọ̀. Shakespeare ni ó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, tí ó sì ká gbogbo rẹ̀ sínú ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn ọmọ náà yára jù. A kò ní gbè wọ́n lẹ́yìn nínú èyí. Ṣùgbọ́n, bàbá wa, ọ̀ràn Capulet, bàbá ọmọ, ni ó dá wa dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, Capulet kì í ṣe ènìyàn búburú rárá. Gbogbo ọmọ rẹ̀ yòókù ni ó ti sin. Juliet nìkan ni ó kù fún un. Nígbà tí Paris, ìbátan olórí ìlú, wá tọrọ ọmọ náà, ó ní kí ó ṣe sùúrù fún ọdún méjì sí i, kí ó lọ wá ojúrere ọmọ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ inú òun bàbá nìkan kò tó. Ó wí pẹ̀lú pé kò yẹ kí ó ṣòro fún àgbà bí òun àti Montague láti pa àlàáfíà mọ́. Nígbà tí Tybalt sì ń bèèrè idà rẹ̀ láti bá Romeo jà níbi àsè, Capulet ni ó dá a lẹ́kun. Ó ní gbogbo Verona ni ó ń ròyìn ọmọkùnrin náà pé ó ní ìwà rere, òun kò sì ní jẹ́ kí a fi àbùkù kàn án nínú ilé òun. Ẹ gbọ́ bí, ẹ̀yin òbí! Ẹnu bàbá Juliet ni ìyìn Romeo ti jáde, ní alẹ́ kan náà tí ọmọ rẹ̀ rí i. Ìjà náà ti sú àgbàlagbà yìí. Bí ó bá ti rìn dé ẹnu ọ̀nà Montague ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, Shakespeare ì bá má rí eré kọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ lọ? Àwa tí a ti jókòó rí níbi tí a ti ń parí ìjà ìdílé mọ ìbéèrè náà dáadáa.

Ikú Tybalt ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní òru Ọjọ́ Ajé kan náà, Capulet fi Juliet fún Paris láìbi í léèrè. Nígbà tí ọmọ náà kúnlẹ̀, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ní kí ó dákẹ́. Bí kò bá gbà, kí ó lọ máa ṣagbe, kí ebi pa á kú sí ìgboro. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ náà ni ó wà ní ẹnu rẹ̀? Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Alágbàtọ́ tí ó fún un lọ́mú, tí ó ti ṣe alárinà òun àti Romeo, tí ó sì mọ̀ pé ó ti lọ́kọ, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fẹ́ Paris. Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́; àgbà mẹ́ta ni ó wà nínú yàrá yẹn.

Ó ku àlùfáà náà, tirẹ̀ ni ó sì dùn wá jù, nítorí pé iṣẹ́ wa súnmọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rò pé ìgbéyàwó náà yóò sọ ìkórìíra ilé méjèèjì di ìfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Paris tọ̀ ọ́ wá nítorí ìgbéyàwó tirẹ̀, tí ó yẹ kí ó dìde lọ bá Capulet, oògùn ni ó wá lọ, èyí tí yóò mú ọmọ náà sùn bí òkú fún wákàtí 42. Lẹ́tà rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Romeo ní Mantua, nítorí pé a ti ẹni tí ó mú un lọ mọ́ ilé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Romeo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ kú, ó ra májèlé, ó sì mu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Juliet jí, àlùfáà náà gbọ́ ìró àwọn olùṣọ́, ó sì sá. Ọmọ náà fi ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ gún ara rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú ti dákẹ́ rí. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ tí a ti ṣe katikísì rí fi ọ̀ràn ẹni tí ó fẹ́ràn hàn wá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni ńlá nínú ìjọ náà, a sì bẹ̀rù rẹ̀. A ní kí ọmọ náà máa fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Kí oṣù náà tó parí, ó ti bá ọ̀nà lọ, ó sì tó ọdún mẹ́ta kí bàbá rẹ̀ tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá náà kò mọ̀ pé a ti gbọ́ ọ̀ràn náà ṣáájú òun. Bí ó bá ń ka èyí, ó ti mọ̀.

Ní ẹnu ibojì ni àwọn àgbà méjèèjì ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Montague, tí aya rẹ̀ ti bá ìbànújẹ́ lọ ní òru náà, ṣèlérí pé òun yóò fi wúrà ṣe ère Juliet. Wúrà!

Nítorí náà, bàbá wa, a kò lè fún yín ní ìṣáná. Ẹ bá ọmọ yín lórí ẹkún, ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ bi í ní ohun tí ó ń sọkún sí? Lẹ́tà yín kò sọ fún wa. A ti fi ìwé náà rán ẹni tí ó mú un wá padà sí yín. A fi òwú pupa sí ojú-ìwé méjì nínú rẹ̀, ibi tí Capulet ti ní kí Paris ṣe sùúrù, àti ibi tí ọmọ rẹ̀ ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ ka méjèèjì kí ẹ tó dá a padà fún un; bí ojú kò bá sì fẹ́ ríran mọ́ ní alẹ́, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kà á sí yín létí.