Àga Kan Kò Lè So Séráfù Pọ̀

Bí wọ́n bá pe ìpàdé ìṣọ̀kan láàárín àwa ọmọ Kérúbù àti Séráfù, ìbéèrè tó máa ń dà á rú ni ti ẹni tí yóò jẹ́ olórí. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ìbéèrè yẹn gan-an ni àrùn tó ń ṣe wá. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú wíwá Baba Aládúrà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka yóò máa foríbalẹ̀ fún. A kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tí a ó jọ ṣe ni ká wá, àti ìbáwí tí yóò mú gbogbo wa, àgbà àti ọmọdé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ wo ìwọ́de Corpus Christi àwọn Àgùdà ní Èkó. Ìran wọ̀ ọ́, kò sì tètè jí, títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, aládúrà ọmọ Ìkàrẹ́, pé kó wá gbàdúrà fún un. Ọmọ náà jí, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Ẹgbẹ́ àdúrà ni ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ìjọ yòówù kó o jẹ́, o lè wá gbàdúrà níbẹ̀ kó o sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ. Nígbà tó di 1927, Abíọ́dún àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti ń kúrò ní Èkó lọ wàásù káàkiri ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ló wà nílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì jọ ń ṣe é.

Ọdún 1929 ni Orímọládé àti Abíọ́dún pínyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọn kò jà lé lórí. Wọn kò jà lórí Mẹ́talọ́kan, wọn kò jà lórí ìrìbọmi, wọn kò jà lórí aṣọ funfun. Ta ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ta sì ni ọ̀gá? Òun ni wọ́n jà lé lórí. Orímọládé kú ní 1933, àga tó fi sílẹ̀ sì tún di ìjà. Nígbà tí Abíọ́dún ní òun ló kàn, àwọn tó kọ̀ ọ́ tiẹ̀ ń ka jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ sí i lọ́rùn, bí ẹni pé ìran tí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe obìnrin ló rí i.

Ẹ mú ọmọ ẹ̀ka Eternal Sacred Order lónìí, ẹ mú un wọ ilé àdúrà ẹ̀ka Ayọ̀ ni o. Yóò bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò wólẹ̀, yóò ké pe Mímọ́ Máíkẹ́lì Balógun, kò sì ní ṣìnà nínú ìsìn náà. Ìgbàgbọ́ wa kò pín. Àpò ló pín, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ló pín, àga ló pín.

Àwọn kan yóò sọ pé ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká ní olórí kan. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ìjọ kan wà títí di òní tó ń jẹ́ Unification, orúkọ tó dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka àtijọ́ ṣì wà ní ààyè wọn. Ẹ sì wo àwọn ará wa ní Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá. Láti 1947 tí Oshoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Porto-Novo, abẹ́ òun nìkan ni gbogbo wọn wà. Ó kú ní 1985. Ẹjọ́ lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ṣì wà níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2000, ọdún tí Bádà tó jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀ jáde láyé. Ìjọ tó ti jẹ́ ọ̀kan látilẹ̀ ni àga ṣe báyìí fún o. Kí ló fẹ́ ṣe fún àwa tí a ti tú ká?

Àwáwí kejì ló ń bí mi nínú jù: pé pínpín wa ló jẹ́ kí ìhìn rere tàn, ṣebí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà náà pínyà. Wọ́n pínyà lóòótọ́. Èwo nínú wọn ló ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn mọ́ èkejì? Èwo ló gba lọ́yà? Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí kíkankíkan nítorí pé wọ́n ń gbé ara wọn lọ síwájú adájọ́ tí kì í ṣe onígbàgbọ́.

Ní tèmi, àwọn tí ìyapa yìí ń pa lára jù ni àwọn tí kò mọ ìdí ìjà náà rárá. Opó tó sáré wá gbàdúrà, tí wòlíì sì fi ìran jẹ gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀, ibo ni yóò fẹjọ́ sùn sí? Bí ẹ̀ka kan bá bọ́ aṣọ lọ́rùn wòlíì náà, ó lè gbé e wọ̀ padà ní ẹ̀ka mìíràn kí oṣù tó parí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ka kò bá ti béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀ àti ohun tó ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣọ̀kan àkọ́kọ́ nìyí: ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ gbogbo wòlíì àti ajíhìnrere wa yóò wà, tí ẹni tí wọ́n bá ti lé ní ibì kan kò fi ní rí ibòmíràn sá sí. Ẹ̀yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo wọn yóò ti jọ kọ́ Bíbélì kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí. Kò sí èyí tó nílò olórí kan nínú méjèèjì. Akọ̀wé olóòótọ́ díẹ̀ ló nílò.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lòdì sí gbígbé ara ẹni lọ sí kóòtù yìí, n kò ní kí ẹ bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ, ọlọ́pàá ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́. Ìjà oyè ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ yín ni agbára wà, nítorí owó ìjọ ni owó yín. Ní ìpàdé ọdọọdún, ẹ dìde dúró, ẹ béèrè iye tó lọ fún lọ́yà lọ́dún yìí. Àgbà tó bá gbé arákùnrin rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí àga, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ títí ẹjọ́ náà yóò fi parí. Bó bá kọ̀, ẹ má fi kọ́bọ̀ sínú àpò ọrẹ rẹ̀ mọ́. Ẹ fi owó náà ra oúnjẹ fún àwọn aláìsàn tó ń sùn nínú ọgbà ìjọ, láìbéèrè ẹ̀ka tí wọ́n ti wá.